Ilé Tí Mo Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí ní Sokoura

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá bá mi níwájú ilé lẹ́yìn ìrun Alaasari, tí ẹ ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ yíyẹ ilé wò yìí dára láti kọ́?", mo gbọ́ yín. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá yín lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè sọ lórí ìjókòó lọ. Mo wá jókòó láti kọ ọ́. Kí ẹ má retí ìtàn àgbàlagbà tó ti dárí ji gbogbo ayé. Inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, inú ìbínú ni mo ti hu ewú, mi ò sì ní í fi pa mọ́ fún yín nítorí pé ẹ jẹ́ ọmọdé.

Ráfíù ni orúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, Kùmásì ni wọ́n bí mi sí, Bouaké ni mo ti darúgbó. Ọdún tí wọ́n lé wa ní Gánà, bàbá mi kó wa dé Bouaké pẹ̀lú àpótí méjì àti ẹní kan. Ó ní ará ìlú wa kan tó ń tajà lọ́jà ńlá, ìyẹn ló fún un ní igun kékeré kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta abọ́ àti ìkòkò. Ó fẹ́ kí n jókòó tì í. Mi ò lè jókòó. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ní Kùmásì kí wọ́n tó lé wa, ọwọ́ mi ń wá iṣẹ́ kiri. Kò pé oṣù kan tí mo fi ń ru kọnkéré níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní N'Gattakro. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san, kò tó ohun tí à ń fi tádàwà ṣòfò lé lórí.

Ọjọ́ kan ni ọkùnrin gíga kan wọ ibi iṣẹ́ náà, òòlù kékeré lọ́wọ́, ìwé ìkọ̀wé lábíyá. Gbogbo ariwo dákẹ́. Kuadio ni wọ́n ń pè é. Baoulé ni, ará Languibonou. Ó tẹjú mọ́ irin tí wọ́n ti tò sínú pákó òpó, ó bi ọ̀gá àwọn kọ́lékọ́lé pé, "Ṣé irin tí mo rí lánàá nìyí?"

Ọ̀gá ní, "Òun náà ni, pátírọ̀n."

Páànù kọnkéré wà lórí mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo pòṣé.

Kuadio yíjú sí mi. Ó fi Dioula bi mí pé, "Ìwọ Anago, kí ló dé tí o pòṣé?" Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

"Pátírọ̀n, ti àná nípọn ju èyí lọ. Wọ́n ti kó ti àná padà sínú ọkọ̀ láàárọ̀."

Lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀gá àwọn kọ́lékọ́lé lé mi. Lójú ẹsẹ̀ náà ni Kuadio ní kí n sọ páànù kalẹ̀, kí n máa tẹ̀ lé òun. Bí mo ṣe bọ́ sídìí iṣẹ́ ayé mi nìyẹn.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwa tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba tí Kuadio ti ń ṣiṣẹ́ kì í kọ́lé. Ilé tí ẹlòmíràn ń kọ́ ni à ń yẹ̀ wò. Kí wọ́n tó da kọnkéré sí ìpìlẹ̀, a gbọ́dọ̀ rí i. Kí wọ́n tó da ti òpó, a gbọ́dọ̀ rí i. Kí wọ́n tó da dáàlù, ìyẹn kọnkéré tó jẹ́ àjà fún ẹni ìsàlẹ̀ tó sì jẹ́ ilẹ̀ fún ẹni òkè, a gbọ́dọ̀ gorí rẹ̀ ká fẹsẹ̀ tẹ irin ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ilé bá parí tó sì dára, a óò fún onílé ní ìwé tí à ń pè ní kọ̀nfọ́mítè. Láìsí ìwé yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú ilé náà lọ gbé, wọn kò sì gbọdọ̀ fi háyà. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i ni ó sọ fún gbogbo ìlú pé, "Ẹ wọlé, ẹ sùn, kò séwu." Kuadio máa ń sọ ọ́ fún mi ní gbólóhùn kan: "Ìwé tí o bá fọwọ́ sí, èèyàn ló máa sùn sábẹ́ rẹ̀."

Ẹ ò tíì rí ọ̀gá tó le. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, iyanrìn nìkan ni mo kọ́. Ó máa bu iyanrìn sínú ìgò, ó máa da omi sí i, ó máa jù ú pọ̀, ó máa gbé e kalẹ̀. Bí amọ̀ tó bá lé sókè bá ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, kí ọkọ̀ yí padà, ìbáà jẹ́ pé ibi tó ti wá jìnnà tó Languibonou. Lẹ́yìn iyanrìn ló kan irin. Ó máa fi aṣọ dì mí lójú, ó máa na irin sí mi lọ́wọ́ kí n sọ bó ṣe nípọn tó ní mìlímítà.

"Mélòó ni?"

"Mẹ́wàá, pátírọ̀n."

"Èyí ńkọ́?"

"Méjìlá."

"Parọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bí mo bá ṣì í, ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn padà sí Sokoura, àdúgbò tí à ń gbé, lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ rẹ̀ máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò ní í wẹ̀yìn wò. Ó gbà mí ní ọdún kan kí àtàǹpàkò mi tó mọ irin bí ẹnu ṣe ń mọ iyọ̀.

Ohun kan wà tí ó ṣe fún mi ní ọdún kẹta tí mi ò jẹ́ gbàgbé. Ó rán mi lọ ka àwọn ìdè irin tó wà lára òpó ilé kan, nítorí pé ìdè wọ̀nyẹn ló ń so irin òpó pọ̀, bí wọ́n bá jìnnà síra, òpó máa bẹ́ bí ìrèké. Oòrùn mú. Mo ka ti ìsàlẹ̀, mi ò gun òkè, mo wá kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ pé. Ó ka ìwé àbọ̀ náà. Ó gbé mi sínú ọkọ̀, a padà lọ, ó mú àkàbà, ó ní kí n gùn ún. Òpó mẹ́rin ló ní ìdè tó jìn síra lókè. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó fún mi ní bíírò, ó ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé mìíràn pé, "Èmi Ráfíù, mi ò gun òkè, mo parọ́," kí n sì lọ kà á sókè fún onílé, fún ìyàwó rẹ̀ àti fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Mo kà á. Ìyàwó onílé ló gbójú sílẹ̀ nítorí ìtìjú mi. Mo kórìíra Kuadio fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Láti ọjọ́ yẹn, títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò tún kọ ohun tí ojú mi kò rí mọ́.

Irinṣẹ́ wa nígbà yẹn kò pọ̀. Okùn olójé tí a fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán, rọ́bà gígùn tí a rọ omi sí láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ dọ́gba, àti òòlù kékeré. Òòlù yẹn ni a fi ń kan òpó, etí ni a fi ń gbọ́ èsì. Òpó tó dára máa ń dún bí agogo, èyí tí kò dára máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá kan àpò gààrí. Ní ìkẹyìn ni wọ́n kó ẹ̀rọ kan dé tó dà bí ìbọn kékeré. Wọ́n máa tì í mọ́ ara kọnkéré, ó máa ta padà, ó máa fi nọ́ńbà hàn. Inú àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé ńlá dé dùn sí i. Kuadio yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Ẹ̀rọ kì í parọ́. Ẹni tó ń yan ibi tí wọ́n máa tì í mọ́ ló ń parọ́." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn náà.

Ìgbà tí wọ́n gé agbára owó fàráǹkì sí ìdajì ni nǹkan dojú rú. Ohun tí èèyàn ń fi owó kan rà lánàá di owó méjì lónìí. Sìmẹ́ńtì gbówó lórí, irin gbówó lórí. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ilé kò lè dúró, ẹni tó dúró ń wo ògiri rẹ̀ tí koríko ń hù lórí rẹ̀. Mo káàánú wọn, mi ò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni ìwà ìbàjẹ́ wọ inú iṣẹ́ wa bí ikán. Àpò sìmẹ́ńtì kan di èyí tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì àpò méjì. Irin méjìlá tó wà nínú àwòrán ilé di mẹ́wàá nínú òpó. Wọ́n á tú pákó kúrò lábẹ́ dáàlù kí ó tó gbẹ, nítorí pé wọ́n fẹ́ lọ fi háyà níbòmíràn. Àwọn àgbà ní, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Èmi rí itọ́ yẹn pẹ̀lú ojú mi lójoojúmọ́.

Àárín ìgbà yẹn ni Kuadio fẹ̀yìn tì, tó padà sí Languibonou lọ gbin iṣu. Kí ó tó lọ, ó ní kí ọ́fíìsì fi àṣẹ ìfọwọ́sí lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì gbà, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rán ọ̀gá tuntun kan sí wa láti Abidjan. Ọ̀dọ́ ni, ó mọ̀wé, aṣọ rẹ̀ kò rí eruku rí.

Ìgbà yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ìfùàrítè gba ẹnu gbogbo èèyàn: ta ni ọmọ ilẹ̀ gan-an, ta ni kì í ṣe é. Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ máa ń rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ni. Kaadi ni, kaadi tí wọ́n ní kí àlejò máa gbà kí ó tó lè gbé níbi tó ti ń gbé láti kékeré. Agbófinró kan gba tèmi lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fà á ya sí méjì, ó ní, "Anago, lọ gba òmíràn." Ọmọ mi obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bouaké ni wọ́n bí i sí, Baoulé rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ó ṣa kaadi tó ya náà nílẹ̀, ó fi sínú báàgì ìwé rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí mi ò sọ lọ́dún wọ̀nyẹn ló ń jó mi nínú báyìí.

Ní Sokoura níbí, Àlàájì Sùbérù ń kọ́ ilé alájà kan. Ẹ má gbàgbé ọkùnrin yìí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, agbo ilé wọn àti tiwa kò jìnnà síra, àwọn bàbá wa jọ wọ Bouaké ni. Ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́jà, Ọlọ́run sì ti bù kún un. Mo lọ wo òpó ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti da kọnkéré láìpe ẹnikẹ́ni. Mo fi òòlù kàn án. Ó dún bí àpò gààrí. Mo ní kí wọ́n ṣí ibì kan lára rẹ̀ fún mi, mo na àtàǹpàkò sí irin. Mẹ́wàá ni. Ìdè rẹ̀ jìn síra tó fi jẹ́ pé ọwọ́ mi méjèèjì gba àárín wọn kọjá. Àwòrán tó gbé wá fún wa sọ pé méjìlá.

Àlàájì mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ráfíù, ṣé ó dára?"

"Kò dára, Àlàájì. Òpó ìsàlẹ̀ wọ̀nyí, ẹ wó wọn."

"Wó kí ni? O mọ iye tí irin di lọ́jà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ráfíù, ọmọ ilé wa ni ọ́. Bàbá rẹ àti bàbá mi jọ jẹun nínú abọ́ kan ni. Ṣé nítorí tèmi ni o máa wá di òyìnbó?"

"Nítorí pé ọmọ ilé yín ni mí ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín ní ojúkojú. Bí ẹ bá gbé ẹni kan sórí òpó yìí, ẹ máa sìnkú."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ajá tó gbó olówó rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Mo kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ pé mi ò fọwọ́ sí i, mo kọ ìdí rẹ̀, mo fi í lé ọ̀gá lọ́wọ́.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tuntun pè mí. Ó na lẹ́tà kan sí mi. Mo kà á lórí ìdúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, nítorí pé èmi kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, láti ọjọ́ náà lọ mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé kankan mọ́ ní orúkọ ọ́fíìsì. Wọ́n ní kí n wà nídìí dosíè, kí n máa kó ìwé láti tábìlì kan dé òmíràn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí."

Ó ní, "Mi ò bú ọ. Àṣẹ ìgbà tuntun ni. Àti pé, kí n sọ òtítọ́ fún ọ, Anago bíi tìẹ ló wá fẹjọ́ rẹ sùn. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ wá yẹ ilé òun wò, pé òun ò gbẹ́kẹ̀ lé àlejò."

Ẹ tún un kà. Àlàájì Sùbérù, tí wọ́n ń dá òun náà dúró lójú ọ̀nà láti béèrè kaadi lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Anago lọ́jà, òun ló mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń dúńbú wa, ó fi dú mi. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ mí. Mi ò tíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, ilé Àlàájì gba kọ̀nfọ́mítè. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀gá mú ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn yẹn lọ, ó tì í mọ́ òpó kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ti wó tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì tún ṣe dáadáa fún ojú ayé. Nọ́ńbà náà dára. Wọ́n kun ilé náà ní ọ̀dà funfun àti búlúù, Àlàájì fi àjà kan lé e lórí sí i, ó sì gbé àgbá omi ńlá sí òkè pátápátá.

Obìnrin Baoulé kan tó ń ránṣọ, Aménan, háyà yàrá ńlá kan lókè. Òun ló ń rán aṣọ ìyàwó mi, tọ́ńtọ̀n, ìyẹn bàbá kékeré, ló sì máa ń pè mí. Ọjọ́ tí mo rí i tó ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gun òkè, mo dúró tì í.

"Aménan, má gbé ibí. Òpó ilé yìí kò dára."

Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Tọ́ńtọ̀n, wọ́n fi ìwé hàn mí. Ó ní òǹtẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó ní òǹtẹ̀."

"Ṣé ìwé náà parọ́ ni?"

Mo wò yíká. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Àlàájì ń wò wá. Mo ronú nípa kaadi mi tó ya, mo ronú nípa ìyàwó àti àwọn ọmọ mi. Bí mo bá sọ pé ìwé ìjọba parọ́, èmi Anago tí wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní ìlara ni. Mo ní, "Èmi ti sọ tèmi." Mo lọ. Kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwọn yòókù nìkan ni mò ń bínú sí. Ó yẹ kí n jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, kí wọ́n wá gbé mi kúrò.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta tó dá, mo wà nílé, mo gbọ́ ìró kan tó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ akóyanrìn bá da ẹrù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sáré. Ilé náà ti jókòó sórí ara rẹ̀. Òkè ti wá sí ìsàlẹ̀, àgbá omi ti fọ́, omi ń ṣàn jáde láti abẹ́ eruku. A fi ọwọ́ wa wa ilẹ̀: Dioula, Baoulé, Anago, ará Burkina, kò sẹ́ni tó béèrè kaadi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aménan la kọ́kọ́ rí. Tépù ìwọn-aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Ìyá Ràbí, ará ìlú wa, tó gbé aṣọ wá láti rán. Àwọn méjèèjì ti kú. Mo mú èérún òpó kan dání, mo fún un, ó fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí búrẹ́dì tó gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n wá mú mi. Orúkọ mi ló wà lórí kọ̀nfọ́mítè náà! Wọ́n fi tàìpù tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ ilé wò, ẹnì kan sì fa ìbuwọ́lù tí kò ṣeé kà lé e lórí. Ọ̀gá ní òun ò mọ nǹkan kan, pé èmi lòun gbẹ́kẹ̀ lé. Agbófinró tó ń bi mí léèrè ní, "Anago yẹ ilé Anago wò, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ pa ọmọ wa." Ìyá Ràbí kò sí nínú òkú tó kà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà ní àtìmọ́lé.

Ọjọ́ kẹrin ni ìyàwó mi dé, lẹ́tà tí wọ́n fi gba àṣẹ lọ́wọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí Languibonou. Kuadio wá pẹ̀lú rẹ̀, erùpẹ̀ oko ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀, kò kúrò, títí ọ̀gá àwọn agbófinró fi dá a lóhùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá tí mo wà.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ lẹ́tà yìí?"

Ọ̀gá wọn kà á.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ kọ̀nfọ́mítè?"

Ó kà á.

"Wọ́n ti gba ọwọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìwé yìí tó jáde. Báwo ló ṣe fi ọwọ́ tí kò ní kọ̀wé?"

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Lẹ́tà tí wọ́n fi sọ fún mi pé mi ò jámọ́ nǹkan kan ní ilẹ̀ yìí ló yọ mí. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ lẹ́tà yẹn. Kuadio di mí lápá mú, ó ní, "Lọ wẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sọ ohun tí o rí fún adájọ́."

Kí n tó lọ, àwọn àgbà ìlú wa ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n jókòó, Àlàájì Sùbérù wà láàárín wọn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ráfíù, a bẹ̀ ọ́. Wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi lé gbogbo wa kúrò nílùú yìí. Bí o bá dárúkọ Àlàájì ní ilé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ gbogbo Anago ló máa dà. Ọmọ ìyá ni wá."

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ wọn kò ní ìtumọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n ti lé èmi náà rí, mo mọ bí ó ṣe rí láti di ẹní ká kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n mo ní, "Bàbá, Ìyá Ràbí ńkọ́? Ta ni ọmọ ìyá tirẹ̀?" Àlàájì nìkan ló gbójú sókè, ó ní, "Owó irin ló pọ̀, Ráfíù. Owó irin ló pọ̀." Mo dìde.

Mo sọ ọ́ fún adájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti ọ̀gá àti ti Àlàájì. Lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú àwọn ará ìlú wa kò kí mi mọ́. Ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ ìyàwó mi ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹjọ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀, wọ́n ń sún un síwájú. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí Abidjan, sí ipò tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àlàájì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Lẹ́yìn náà ni ogun dé, adájọ́ sá, ilé ẹjọ́ ṣófo. Lọ́jọ́ kan ní ọjà, mo rí ìwé tó ní òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́ tí wọ́n fi di ẹ̀pà. Mo ra ẹ̀pà náà. Mo ka ìwé náà. Kì í ṣe ti Aménan. Mi ò rí ti Aménan rí.

Àárín ogun yẹn ni Kuadio kú ní oko rẹ̀. Ọ̀nà dí, mi ò lè lọ sìnkú rẹ̀. Ìyẹn náà wà lára ohun tí mò ń bínú sí.

Ṣé kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí? Ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò pé fótò tí wọ́n ń fi tẹlifóònù yà ránṣẹ́ sí ara wọn lónìí ni à ń pè ní yíyẹ ilé wò, ẹ lọ ta aṣọ. Ẹni tí kò lè gun àkàbà lójú oòrùn, tí kò lè sọ fún ọmọ ilé rẹ̀ pé kò dára, kí ó má fọwọ́ kan ìwé tí èèyàn máa sùn sábẹ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ fún mi kò fi ẹ̀rín sọ ọ́.

Lẹ́yìn ogun, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti wá wo ilé wọn kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Mi ò ní òǹtẹ̀, mi ò ní ọ́fíìsì. Ní ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ti ní irùngbọ̀n wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ni Táíwò, ọmọ Àlàájì Sùbérù, pé bàbá òun ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé òun ń kọ́lé lórí ilẹ̀ Sokoura tí ilé yẹn wó sí.

Mo ní, "Kí lo wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

"Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mi ò lè fún ẹ ní kọ̀nfọ́mítè."

"Mi ò wá gba ìwé, sà."

Ara mi gbóná. Mo fẹ́ lé e. Mo dìde, mo mú ọ̀pá mi, mo tẹ̀ lé e. Ó ti gbé òpó mẹ́fà dúró. Mo ní kí ó ṣí ibì kan lókè lára ti àkọ́kọ́. Irin rẹ̀ dára, méjìlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìdè lókè jìn síra ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Àwọn kọ́lékọ́lé ló ṣe é, Bàbá, mi ò mọ̀."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o mọ̀. Wó o."

Mo rò pé ó máa bẹ̀ mí. Mo rò pé ó máa sọ iye tí irin di lọ́jà. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó gba òòlù ńlá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú fúnra rẹ̀. Ó pẹ́. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí òpó náà wó tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wò mí bóyá ó ti tó.

Mo na ọ̀pá sí òpó kejì.